Àwọn Tó Wúkọ́ Kí Abẹ́rẹ́ Tó Jáde

Ihò kọkànlá náà pọ́n bí ìyeyè.

Inṣirah gbé àwo ike náà sún mọ́ fèrèsé, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti í. Lẹ́yìn náà ló tún padà wá wò ó.

Ogójì ọkùnrin láti Kafr Nawwara ló wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí tirela tó kó àwọn tó ń já òwú ṣubú sínú odò. Ogójì ihò ló wà lórí àwo náà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá mọ́, ihò tirẹ̀ á dà bí omi lásán. Tí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C bá ti wọ inú ara ẹni náà, ihò á pọ́n. Mọ́kànlá ló pọ́n. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó da gbogbo omi oògùn nù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní bóyá ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Mọ́kànlá kan náà ni.

Kì í ṣe iye wọn ló bà á lẹ́rù. Ó rí àwọn ọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú wọn fi èjìká gbé igun tirela kúrò lórí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n nínú wọn, kò sí ẹni tí ikùn rẹ̀ wú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn tán, wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọ́n mu tíì, wọ́n fi àwọn nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n gba oko lọ.

Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò yìí kò tíì pé oṣù méjì ní ilé ìwòsàn. Kí ó tó dé, irú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni wọ́n ti ń fà sí aláboyún lára. Inṣirah kò fẹ́ ro ìyẹn. Ó rò ó.

*

"Ìyá Ragab, jókòó," ni Dókítà Wagdi wí. Òun ni ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

Inṣirah kò jókòó. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà lórí àga kejì, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Midhat ni wọ́n ń pè é, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí agbègbè náà. Ìwé kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí ìwọ̀n orúkọ kan.

"Fọwọ́ sí i níbí," ni Dókítà wí. "A ti rí ẹni tó kó o ràn wọ́n. Barhum onígbàjámọ̀ ni. A ti tì í mọ́lé láti àárọ̀."

"Barhum?"

"Gbogbo àwọn mọ́kànlá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fá irun. Abẹ kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo ìlú."

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù ńkọ́, Dókítà? Ṣé eyín ni wọ́n fi ń gé tiwọn ni?"

Midhat rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé kò yẹ kí òun rẹ́rìn-ín. Inṣirah alára kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ilé ẹ̀kọ́ lo ò parí o," ni Dókítà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀. Ìwọ náà, fọwọ́ sí i, kí o máa lọ sẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ̀rọ sọ pé wọ́n ní in. Kò sọ ibi tí wọ́n ti rí i."

"Ìwọ ló wá fẹ́ sọ ibi tí wọ́n ti rí i?"

Inṣirah wo ìwé náà. Tí òun bá fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ni Barhum ń lọ, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Tí òun kò bá fọwọ́ sí i, ó ku ọdún mẹ́wàá kí òun tó gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì lè lé òun lọ́la.

"Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná," ó wí. Ọlọ́pàá ló dojú kọ, kì í ṣe Dókítà.

Midhat wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Títí di ọ̀sán ọ̀la, Ìyá Ragab. Kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sán."

*

Barhum jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé, ó fi jálàbíà rẹ̀ bo orúnkún bíi pé ilé rẹ̀ ló wà.

"Ọmọ Dessouki," ó wí, "ṣé irun lo wá fá ni? Wọ́n ti gba abẹ lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, ẹ má ṣeré. Ṣé ẹ̀ ń fi omi gbígbóná se abẹ yẹn?"

"Mo ń se é. Àwọn ìgbà kan wà tí n kì í se é. Kò yẹ kí n parọ́ fún ọ, mo mọ bàbá rẹ." Ó dúró díẹ̀. "Kì í ṣe irun nìkan náà ni o. Sọ fún wọn pé èmi ni mo dá abẹ́ fún gbogbo ogójì yẹn. Èmi ni mo yọ eyín wọn. Èmi ni mo ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn àwọn bàbá wọn. Kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ọwọ́ mi bá ń pa èèyàn, ta ló kù ní Kafr Nawwara tó máa sin òkú?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ náà lẹ̀ ń sọ yìí."

"Kí wọ́n gbọ́ ọ. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Inṣirah yọ ìwé pélébé tí ó kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá sí. Ó kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà ń fi ìka kà á. Nígbà tí ó dé orúkọ keje, ó dá a dúró.

"Àwọn wọ̀nyí? Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ní ọdún mẹ́jọ péré ni mo dá abẹ́ fún gbogbo wọn tán. Bẹ́ǹṣì ilé ìwé kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé."

"Kò sí àgbà nínú wọn? Ẹni tó ju ìyẹn lọ?"

"Ibo ni àgbà wà níbẹ̀? Nígbà tí mò ń fá irun Bàbá Sabir, wọn ò tíì bí èyíkéyìí nínú wọn. Ó wá fún yín ní ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbí kò wá?"

Bàbá Sabir wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi. Inṣirah tún àwọn tó kù wò nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn tó ju ọdún márùndínláàádọ́ta lọ, wọ́n mọ́. Àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n mọ́. Àárín ni àrùn náà dúró sí, láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí méjìlélógójì, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Tí ó bá jẹ́ abẹ Barhum ni, àwọn tó ti pẹ́ jù lábẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó mú jù. Abẹ kì í béèrè ọdún tí wọ́n bí èèyàn.

Kí ló wá ń béèrè ọdún?

Ó ká ìwé náà.

"Kí ló dé?" ni Barhum bi í. "Ojú rẹ yí padà."

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Ó wà. Ṣùgbọ́n n kò ní fipá gbà á."

*

Ó mọ ibi tí ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọdé sí wà. Ó ti mọ̀ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, àfi ológbò. Inṣirah kó àga tó kán kúrò, ó fa àpótí jáde, ó ṣí i.

Ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń ti inú omi wọ ara, ń pa àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú odò. Ìtọ̀ ọmọdé ń pọ́n bí tíì, àwọn ìyá kò tilẹ̀ kà á sí àìsàn mọ́. Ìjọba rán àwọn oníṣègùn wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ á gba abẹ́rẹ́ méjìlá. Wọ́n gba Inṣirah láti kọ orúkọ, kí ó sì máa se sírínjì lórí sítóòfù. Mẹ́fà ni sírínjì gíláàsì náà. Àwọn ọmọ lè tó ọgọ́rin láàárọ̀ kan. Oníṣègùn á kígbe pé kí ó yára. Omi kò tíì hó dáadáa tí Inṣirah á fi yọ ọ́, tí á nù ún, tí á nà án sí i. Nígbà mìíràn, nínù lásán ni.

Àwọn ọmọ náà yè. Òótọ́ ni. Ìtọ̀ wọn mọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wá orúkọ. Ó rí ẹni kìíní. Ó rí ẹni kejì. Ó ń rí wọn, ó ń sunkún láìpariwo, kò dáwọ́ dúró. Ó rí mẹ́wàá.

Kò rí ẹni kọkànlá. Hilmi, ọmọ Abu Suweilam. Ó wá a lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ ẹ̀yìn ìwé wò, kò sí. Nínú gbogbo àwọn tó kù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, Fathi, pẹ̀lú àmì méjìlá tó pé. Fathi wà lára ogójì. Ẹ̀jẹ̀ Fathi mọ́.

Ẹni tí wọ́n gún kò ní in. Ẹni tí wọn ò gún ló ní in.

*

"Ìwé tìrẹ gan-an ló já ọ kulẹ̀," ni Dókítà Wagdi wí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Inṣirah ti sọ ti abẹ́rẹ́ àti sírínjì fún wọn; Dókítà sì ti fi ìwé ńlá náà sí iwájú ara rẹ̀, kò jẹ́ kí ó tún padà sọ́wọ́ Inṣirah. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ó dáa. Ṣùgbọ́n Fathi gba méjìlá, ara rẹ̀ le. Hilmi kò gba ẹyọ kan. Abẹ Barhum ló ràn án. Ìwọ lo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ."

Inṣirah wo Midhat. Midhat ń wo ìwé.

"Ọ̀gá," ó wí fún un, "ẹ bá mi dé Kafr Nawwara. Wákàtí kan péré. Tí mo bá padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, màá fọwọ́ sí i."

"Ṣé o fẹ́ lọ fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé ni?" ni Dókítà bi ọlọ́pàá náà.

"Ẹnu kọ́ ni mo fẹ́ fi sí i," Midhat wí. "Etí ni."

*

Fathi wà lórí àkàbà ilé ẹyẹlé, ó ń kó ìgbẹ́ ẹyẹ sínú garawa. Ó sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó rí aṣọ ọlọ́pàá. Èèyàn gọbọi ni, ẹlẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá wa tú Bàbá Barhum sílẹ̀ o," ó wí. "Ìyàwó mi ní irùngbọ̀n mi ń gún òun."

"Fathi, o rántí abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá?" ni Inṣirah bi í.

"Ta ni kò ní rántí? Méjìlá."

"Kí ló ń ṣe ọ́ kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́ náà lára rẹ?"

"Kí ló máa ṣe mí? Ó ń dùn mí. Abẹ́rẹ́ ṣáà ni."

"Apá wo?"

Ó wo apá rẹ̀ méjèèjì. "Ọ̀tún. Tàbí òsì. Ó ti pẹ́, Ìyá Ragab."

"Nǹkan mìíràn kò ṣe ọ́?"

"Mo jẹ́ ọkùnrin. Mi ò sunkún."

Inṣirah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, Midhat ní, "O ò rí nǹkan kan gbà lẹ́nu rẹ̀."

"Mo rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àbúrò rẹ̀."

Hilmi wà lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú oko ìrẹsì, òróró dúdú dé ìgúnpá rẹ̀. Òun ló fi èjìká gbé tirela. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kí wọn.

"Ìwọ kò gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá nígbà tó o wà lọ́mọdé?"

"Rárá o. Ìtọ̀ mi mọ́." Ojú rẹ̀ sá lọ sí ọ̀nà abúlé, ó padà wá.

"Orí rẹ bá ọ ṣe é," ni Inṣirah wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ máa lọ. "Àbí kí ni mo tilẹ̀ ń sọ. Fathi ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ó ní bí ẹni tí kòkòrò ta ni. Ó ní àwọn ọmọ tó ń pariwo nígbà yẹn, ojo ni wọ́n."

"Ta ni ojo?"

"Fathi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Fathi!" Hilmi ju sípánà sílẹ̀. "Kí ni Fathi mọ̀? Wọn ò tíì yọ ọ́ lára rẹ tí ikọ́ á ti gbé ọ, ikọ́ tí á fẹ́ já àyà rẹ sí méjì. Ẹnu rẹ á máa ṣe bí ẹni tó lá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Wàá bì títí dé ilé. Ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ẹ̀ẹ̀mejìlá, Ìyá Ragab, ó wá pè mí ní..."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú sípánà.

Inṣirah jókòó sórí pèpéle oko.

"Kò sí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yẹn tí kò rántí ikọ́ náà," ó wí fún ọlọ́pàá. "Mo rí wọn. Ọgọ́rin ọmọ, gbogbo wọn ló ń wúkọ́. Fathi kò mọ̀ nípa ikọ́ rárá." Ó yíjú sí Hilmi. "Ibo ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà nígbà náà?"

"Inú ilé ẹyẹlé."

"Kí ló dé tí ìwọ fi lọ?"

Hilmi nu ọwọ́ títí. Bàbá wọn ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ó rọra sọ ọ́ bíi pé ó lè gbọ́. "Bàbá ní òun á na Fathi tí kò bá gba méjìlá pé. Ẹ̀rù ń bà á. Àwọn tí wọ́n bá gún, wọ́n ń fún wọn ní búrẹ́dì funfun àti halawa aládùn. Àwa tí ìtọ̀ wa mọ́, wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Mo lọ, mo ní èmi ni Fathi. Ẹ ò gbé ojú sókè. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni kò gbé ojú sókè.

Fathi ti tẹ̀lé wọn dé oko, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó dé. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, garawa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àrùn yẹn," ó wí. "Tèmi ni."

"Dákẹ́," ni Hilmi wí. "Halawa yẹn dùn."

*

Ọ̀sán kò tíì pé nígbà tí wọ́n padà dé. Èèyàn ti kún àgbàlá ilé ìwòsàn. Ìdajì Kafr Nawwara ló wá béèrè onígbàjámọ̀ wọn, tọkùnrin tobìnrin, wọn ò pariwo, wọ́n kàn jókòó sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti dẹ́kun lílé wọn.

Midhat gbọ́ ti Dókítà tán, ó sọ tirẹ̀ ní ṣókí: mọ́kànlá tó ní in, mọ́kànlá ni wọ́n gún, Fathi tí wọn ò gún kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ Barhum ti kàn án láti kékeré.

"Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń fẹ̀sùn kàn," ni Dókítà wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Wọ́n gba ẹ̀mí là."

"Wọ́n gbà á là," Inṣirah wí. "Mo wà níbẹ̀. A gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ikú kan, a fi òmíràn sí wọn lára, a ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin wá fẹ́ kó o lé arúgbó kan lórí."

Midhat ti ṣí ìwé ẹjọ́. "Orúkọ Barhum ló wà ní àyè ẹni tó jẹ̀bi. Kí ni kí n kọ dípò rẹ̀?"

Inṣirah wo ilẹ̀kùn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó lè gba ibẹ̀ jáde.

"Ẹ kọ orúkọ mi. Inṣirah, ọmọ Dessouki. Èmi ni mo se sírínjì tí kò hó. Lókè tèmi, kí ẹ kọ ti àwọn tó ń sọ fún mi pé kí n yára, kí ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́."

Midhat fi ìlà gba orúkọ Barhum kọjá, ó rán ọlọ́pàá kan kí ó lọ ṣí àtìmọ́lé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí Inṣirah sọ, bó ṣe sọ ọ́.

"Iṣẹ́ rẹ ti parí níbí," ni Dókítà Wagdi wí.

"Ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀. Kí ó tó dé ọwọ́ mi, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó na ọwọ́, ó fa ìwé ńlá náà kúrò níwájú rẹ̀. "Igba ó lé mẹ́fà ni orúkọ tó wà nínú èyí. Mọ́kànlá péré ni mo tíì rí."

"O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Omi oògùn rẹ̀ wà fún àwọn tó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nìkan. Àṣẹ ni. O ò lè máa fi yẹ gbogbo abúlé wò."

Inṣirah ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó ro ọ̀rọ̀ náà.

"Fún àwọn tó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nìkan," ó wí. "Ó dáa, Dókítà."

Ó jáde sí àgbàlá. Oòrùn ń ta á lójú. Gbogbo wọn gbé ojú sókè wò ó. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ńlá náà.

"Wedad, ọmọ Mitwalli."

Ó tún un pè. Obìnrin kan dìde láàárín èrò, ó gbé agbọ̀n ẹyin sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi rèé. Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. O wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ."

"Èmi? Fún ta ni?"

"Fún ara rẹ," ni Inṣirah wí. "Ká apá aṣọ rẹ sókè."